Báwo ni kóbáàtì ṣe ń sọ BaFe2As2 di superconductor, nígbà tó jẹ́ pé àbùlà ni?

ọmọ_físíìsì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ilé yìí. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú u.

Másítà ni mo ń ṣe nínú físíìsì, níbí ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ tí mo mú dá lórí BaFe2As2, ìyẹn ohun èlò onípele tí wọ́n fi báríọ́ọ̀mù, irin àti ásẹ́níìkì ṣe. A ò ní hílíọ́ọ̀mù olómi tí wọ́n fi ń mú nǹkan tutù gidigidi, nítorí náà orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo iṣẹ́ mi wà. Quantum ESPRESSO, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ìwà ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ni mo ń lò lórí láptọ́ọ̀pù mi, nígbà tí iná bá wà.

Ohun tí kò yé mi rèé. Wọ́n kọ́ wa pé bí àbùlà bá wọ inú ohun tí iná ń gbà kọjá, ìdènà ló ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí wáyà bàbà tó mọ́ fi dára ju èyí tí wọ́n fi nǹkan mìíràn lú lọ. Wọ́n tún kọ́ wa pé mágínẹ́ẹ̀tì ni ọ̀tá superconductor, ìyẹn ohun tí iná ń gbà kọjá láìsí ìdènà kankan. Ṣùgbọ́n BaFe2As2 tó mọ́ kì í di superconductor bó ti wù kó tutù tó. Ẹ wá mú kóbáàtì, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì, ẹ fi rọ́pò bíi 6 nínú 100 irin inú rẹ̀, ìdènà rẹ̀ á di òdo pátápátá ní nǹkan bí 24 K (kelvin, ìyẹn nǹkan bí -249 °C)! Bó bá jẹ́ pòtásíọ́ọ̀mù ni ẹ fi rọ́pò báríọ́ọ̀mù, ó ń dé 38 K.

Mo ti ń wò ó bí iyọ̀ inú ọbẹ̀, pé díẹ̀ ń mú un dùn, bó bá pọ̀ jù á bà á jẹ́. Àmọ́ ìyẹn ò ṣàlàyé nǹkan kan. Kí ni kóbáàtì yìí ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Kí ló dé tí pòtásíọ́ọ̀mù fi jù ú lọ? Súpáfáísọ̀ mi ní kí n kàn fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kún ìṣirò mi, kí n má da ara mi láàmú lórí ibi tí átọ́ọ̀mù àjèjì náà jókòó sí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ọmọ_aláró

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Ìbéèrè tó o bi yìí ni mo ti ń lé kiri láti ọdún mẹ́fà. Jámánì ni mo wà, mímú kírísítà hù ni iṣẹ́ mi, BaFe2As2 sì ni mo mọwọ́ rẹ̀ jù nínú gbogbo wọn.

Kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn kúrò lọ́kàn. Iyọ̀ ní adùn tirẹ̀ tó ń gbé wọ ọbẹ̀. Kóbáàtì kò gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá, torí kò ní in. Ohun tó ò ń wá ti wà nínú BaFe2As2 láti ìpilẹ̀, nǹkan mìíràn ló jókòó lé e lórí. Ohun tó jókòó lé e náà ni mágínẹ́ẹ̀tì inú irin rẹ̀.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara kírísítà náà. Bó o bá rí i, ó dà bí èérún dígí: ó pẹlẹbẹ, ó ń dán. Lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, kó o ṣí i, ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan á bá téèpù lọ, ojú tuntun tó ń kọ mọ̀nà á sì yọ lábẹ́ rẹ̀. Fi wé aṣọ òkè tí wọ́n ká léra wọn, tí wọ́n fi bébà sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aṣọ ni ìpele irin àti ásẹ́níìkì: irin tò bí ojú àwọ̀n, igun mẹ́rin-mẹ́rin, ásẹ́níìkì sì wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Bébà ni báríọ́ọ̀mù. Inú aṣọ ni iná ń gbà. Bébà ń fún aṣọ ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ó sì ń yà wọ́n nípá, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí kírísítà tí kò ní àbùlà bá tutù dé nǹkan bí 140 K, ohun méjì máa ń ṣẹlẹ̀ pọ̀. Igun mẹ́rin ọgbọọgba yẹn á gùn díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn irin á wá tò bí ọmọ ogun: mágínẹ́ẹ̀tì kékeré inú ìlà kan á kọjú síwájú, ti ìlà tó tẹ̀ lé e á kọjú sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni títí lọ. Àwọn tó fi nútírọ́ọ̀nù wò ó rí ètò yìí kedere ní 2008. Kí superconductor tó lè wà, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ so pọ̀ ní méjì-méjì. Àwọn tó yẹ kó so pọ̀ náà ló ti há sínú ìtò ọmọ ogun yìí.

Kí ló ń mú ìtò náà dúró? Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú aṣọ yẹn pín sí agbo méjì. Agbo kan jẹ́ ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gan-an, èkejì jẹ́ ti ihò, ìyẹn àyè tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ì bá wà tí kò sí. Nínú kírísítà tó mọ́, agbo méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà, wọ́n bá ara wọn mu bí ìkòkò àti ọmọrí rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti bá ara wọn mu yẹn ni mágínẹ́ẹ̀tì ti ń rí ẹsẹ̀ walẹ̀. Irin ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 26, kóbáàtì ní 27. Ọ̀kan tó lé yẹn ló ń ṣiṣẹ́: agbo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á fẹ̀, agbo ihò á sún kì, ọmọrí ò ní bá ìkòkò mu mọ́. Ìtò á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ní ti pé kóbáàtì jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ni nígbà tó bá wà láàárín kóbáàtì ẹgbẹ́ rẹ̀. Níbí, láàárín ásẹ́níìkì mẹ́rin tó yí i ká, kì í hùwà bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé mágínẹ́ẹ̀tì tó ń dènà yìí kan náà ló jọ pé ó ń so wọ́n pọ̀. Bí ìtò bá tú, àwọn mágínẹ́ẹ̀tì kékeré náà kò kú, wọ́n ṣì ń gbọ̀n. Mazin, onímọ̀ físíìsì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní 2008 pé ìgbọ̀n yìí ni gọ́ọ̀mù tó ń lẹ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì pọ̀. Ọ̀pọ̀ ìdánwò ti gbè wọ́n lẹ́yìn láti ìgbà yẹn, èmi náà sì gbà á. Nítorí náà, kóbáàtì gbọ́dọ̀ pọ̀ tó láti tú ìtò ká, kó má sì pọ̀ débi tí ìgbọ̀n náà á fi pa rẹ́. Bó bá jẹ́ bíi 4 tàbí 5 nínú 100, mágínẹ́ẹ̀tì àti superconductor ń gbé inú kírísítà kan náà, àmọ́ ìjà ni wọ́n ń jà: bí superconductor bá ti wọlé, agbára mágínẹ́ẹ̀tì á fà sẹ́yìn. Ní bíi 6, ó dé góńgó. Tó bá fi máa dé 15, ó ti tán.

Wàyí o, mo fẹ́ kó o ṣọ́ra fún iye wọ̀nyí, torí ibẹ̀ lèmi fúnra mi ti kọ́kọ́ ṣìnà.

Aláró ni ìyá mi, ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta. Ohun tí mo kọ́ lẹ́bàá ìkòkò rẹ̀ ni pé ohun tó wà nínú ìkòkò kọ́ ni aṣọ ń mu tán. Bí ó bá fa aṣọ jáde, àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ ń rí. Á fún un, á gbé e sókè kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, á dúró kó di aró lójú ara rẹ̀, ìgbà yẹn ló tó máa sọ bóyá ó mu tàbí kò mu. Kì í wo inú ìkòkò dá a lẹ́jọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kírísítà. Mo ń kó báríọ́ọ̀mù ìwọ̀n kan, FeAs (irin pẹ̀lú ásẹ́níìkì) àti CoAs (kóbáàtì pẹ̀lú ásẹ́níìkì) ìwọ̀n mẹ́rin, sínú ìkòkò alúmínà kan tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Mo á tì í mọ́ inú ọ̀pá gíláàsì quartz, mo á gbé e sínú ìléru dé 1180 °C. FeAs tó lé níbẹ̀ á yọ́ bí omi. Mo á máa mú un tutù díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ kan àbọ̀ títí dé 1000 °C, kírísítà á sì máa hù nínú omi yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo á da omi náà nù kúrò lára rẹ̀ kó tó dì.

Nígbà àkọ́kọ́, mo wọn kóbáàtì 8 nínú 100 sí i. Mo ti kọ 8 sára ike rẹ̀, mo ti fi 8 sínú tábìlì mi. Nígbà tí mo gbé kírísítà náà sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń ka irú átọ́ọ̀mù tó wà nínú nǹkan, kò pé 6. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí mo wọ̀n ló wọlé, èyí tó kù bá omi FeAs lọ. Bí mo bá ti gbé 8 yẹn jáde, irọ́ ni ǹ bá pa fún gbogbo ẹni tó bá kà á.

Mo fi abẹ gé e tó hóró ìrẹsì. Wáyà góòlù mẹ́rin tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ni mo fi ọ̀dà fàdákà lẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ maikirosíkópù, mo sì ń sé èémí mi, torí èémí lásán lè gbé e lọ. Mo mú un tutù. Ìdènà rẹ̀ ń wálẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láti 300 K. Ó kọjá 140 K, ibi tí ti kírísítà tó mọ́ ti máa ń ṣẹ́ kọ́rọ́, kò ṣe bí ẹni pé ó mọ ibẹ̀. Ní 24 K, ìlà orí kọ̀ǹpútà já wálẹ̀ gbọọrọ, kò sì dìde mọ́. Mo pe ìyá mi lóru ọjọ́ náà. Ó bi mí pé, "Ṣé ó mu?" Mo ní, "Ó mu, Màámi."

Ní ti pòtásíọ́ọ̀mù, ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ibi tó jókòó sí, ohun tí súpáfáísọ̀ rẹ ní kó o má wò. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ni báríọ́ọ̀mù ń fún aṣọ, ọ̀kan ṣoṣo ni pòtásíọ́ọ̀mù ń fún un. Òun náà ń ya ọmọrí sọ́tọ̀ kúrò lórí ìkòkò, àmọ́ láti apá kejì: agbo ihò ló ń fẹ̀. Inú bébà sì ló wà, kò fọwọ́ kan aṣọ. Kóbáàtì ní tirẹ̀ ń tú ìtò ká, ó sì ń da ọ̀nà rú lójú kan náà, torí àárín aṣọ gan-an ló wà. Rotter, Tegel àti Johrendt ló ṣe ti pòtásíọ́ọ̀mù ní Munich ní 2008: pòtásíọ́ọ̀mù 40 nínú 100, 38 K. Ní ìwọ̀n yẹn, igun tí ásẹ́níìkì, irin àti ásẹ́níìkì ń ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 109.5° géérégé, bí ti tetrahedron (ohun olójú mẹ́rin tí ojú kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta) tó pé pérépéré, ó sì jọ pé irin fẹ́ràn ìrísí yẹn. Bó o bá wá yọ báríọ́ọ̀mù kúrò pátápátá, tó o fi pòtásíọ́ọ̀mù dí gbogbo àyè rẹ̀, kò ní dé 4 K pàápàá.

olùṣírò

Ẹ̀gbọ́n ọmọ_aláró ti sọ ti ìléru tán, ẹ jẹ́ kí n fi ti kọ̀ǹpútà sí i. Amẹ́ríkà ni mo ti ṣe PhD mi lórí àwọn ohun èlò yìí, mi ò sì fọwọ́ kan ásẹ́níìkì rí.

Ọmọ_físíìsì, súpáfáísọ̀ rẹ kò jìnnà sí òótọ́, àmọ́ má dúró síbẹ̀. Ka mánganíìsì wò: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 25 ló ní, ó dín sí ti irin ní ọ̀kan. Bó bá jẹ́ kíkà nìkan ló ṣe pàtàkì, ó yẹ kó ṣe bíi ti pòtásíọ́ọ̀mù. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Fi rọ́pò irin nínú BaFe2As2 bó o ti fẹ́, superconductor kankan ò ní yọjú, torí mánganíìsì kì í jọ̀wọ́ mágínẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ó ń dá dúró láàárín ìpele náà ni. Níkẹ́lì, tó ní 28, ń ṣe bíi ti kóbáàtì, bíi 5 nínú 100 ló ń dé góńgó, àmọ́ góńgó náà kò ju nǹkan bí 20 K lọ.

Tún wo fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ipò kan náà lòun àti ásẹ́níìkì wà nínú tábìlì kẹ́mísírì, kò fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo kún nǹkan kan. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé ó kéré ju ásẹ́níìkì lọ. Síbẹ̀, fi rọ́pò bíi 30 nínú 100 ásẹ́níìkì, wàá rí nǹkan bí 30 K. Kódà bó o bá mú BaFe2As2 tó mọ́, tó o tẹ̀ ẹ́ pọ̀ láàárín dáyámọ́ńdì méjì, láìfi nǹkan kan kún un, ó ń di superconductor. Ìdí tí mo fi gbà pé ẹ̀gbọ́n mi tọ̀nà nìyẹn: ohunkóhun tó bá ti lè tú ìtò mágínẹ́ẹ̀tì ká, tí kò sì ba aṣọ jẹ́ jù, á ṣí ọ̀nà sílẹ̀.

Rántí pé kò rí báyìí níbòmíràn o. Nínú àwọn superconductor oníbàbà tí Bednorz àti Müller rí ní 1986, síńkì díẹ̀ nínú ìpele bàbà ti tó láti pa á. Ṣùgbọ́n níbí, a fi àbùlà sínú ìpele irin gan-an, ìyẹn ló sì jí i. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo ka ojú ewé yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ní ti ìṣirò rẹ, àpótí kírísítà (unit cell) tó ní irin mẹ́rin ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Tò ó ní 2×2×1, wàá ní átọ́ọ̀mù 40: irin 16, ásẹ́níìkì 16, báríọ́ọ̀mù 8. Sọ irin kan di kóbáàtì, ó di 6.25 nínú 100, ibi góńgó gan-an. Sọ báríọ́ọ̀mù mẹ́ta di pòtásíọ́ọ̀mù, ó di 37.5, kò jìnnà sí 40. Láptọ́ọ̀pù rẹ á rojọ́, àmọ́ á ṣe é. Lo ipò ásẹ́níìkì tí wọ́n wọ̀n nínú láàbù. Bó o bá ní kí kọ̀ǹpútà wá a fúnra rẹ̀ láìsí mágínẹ́ẹ̀tì, á gbé ásẹ́níìkì sún mọ́ irin jù, gbogbo nǹkan tó kù á sì wọ́. Bó o bá sì rí i pé mágínẹ́ẹ̀tì irin rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2 Bohr magneton (òṣùwọ̀n agbára mágínẹ́ẹ̀tì átọ́ọ̀mù), nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 0.9 ni nútírọ́ọ̀nù ń rí, má rò pé o ti ṣe àṣìṣe. Gbogbo wa ló ń rí bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ bó ṣe rí.

ọmọ_físíìsì

Ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á máa gbọ́ tiyín. Ọ̀rọ̀ ìkòkò àti ọmọrí yẹn ló là mí lójú. Mo ti rí agbo méjèèjì nínú àwòrán tí mo yà tẹ́lẹ̀, mi ò mọ ohun tí mò ń wò ni.

Mo fẹ́ béèrè ohun kan sí i. Ẹ̀ka tó ń ṣe iṣẹ́ amọ̀ níbí ní ìléru tó ń dé 1200 °C. Ọ̀rẹ́ mi kan sì lè bá mi wá ásẹ́níìkì. Ṣé mo lè gbìyànjú ẹyọ kan péré?

ọmọ_aláró

Rárá, àbúrò mi. Mo bẹ̀ ọ́. Má ṣe é.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, nínú láàbù tó ní gbogbo ohun èlò. Pòtásíọ́ọ̀mù ni mò ń lò lọ́jọ́ náà. Oru pòtásíọ́ọ̀mù máa ń jẹ quartz, á sọ ọ́ di ràkọ̀ràkọ̀, á sì mú kó máa fọ́ bí èèpo ẹyin. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì fi ìkòkò alúmínà oní-ọmọrí sínú rẹ̀, àmọ́ ọmọrí náà kò dé dáadáa. Ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń súnmọ́ ìléru, mo gbọ́ òórùn kan bí òórùn áyù. Òórùn ásẹ́níìkì tó ń jóná nìyẹn. Mo yíjú padà, mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn, mo pe àwọn tó ń bójú tó ààbò. Abẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ síta ni ìléru náà wà, ìyẹn ló kó mi yọ. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀pá náà jáde, ó ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, funfun sì ti bo gbogbo inú ìléru. Májèlé ni funfun yẹn.

Ásẹ́níìkì kì í dúró kó yọ́ bí òjé. Ní nǹkan bí 614 °C, ó ń di oru tààrà. Bó bá wà nínú ọ̀pá tí wọ́n dí pa, tí ìgbóná sì yára ju bí irin ṣe lè gbà á mọ́ra lọ, oru náà á fọ́ ọ̀pá bí ẹni ju àdó olóró. Ẹ̀ka iṣẹ́ amọ̀ kò ní glove box (àpótí tí wọ́n dí pa, tó ní ìbọ̀wọ́ lára), kò ní ẹ̀rọ tó ń fa oru síta, àwọn èèyàn mìíràn sì ń lo ìléru yẹn fún àwo tí wọ́n máa jẹun nínú rẹ̀. Ohun tó ò ń wá kò sí níbẹ̀. Mo ní ìwọ̀n kírísítà mọ́kànlá, látorí èyí tó mọ́ títí dé èyí tí kóbáàtì rẹ̀ ti pọ̀ jù. Gbogbo iye inú wọn, mo wọ̀n ọ́n, mi ò fojú dá a. Màá fi ránṣẹ́ sí ọ. Lò ó, kó o fi wé tìrẹ.

Bàbá_Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú làákàyè, ẹ̀yin ọmọ wa. Ẹ̀rọ ìgbóhùn ni mo ń tún ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà mo mọ wáyà, mo mọ ìdènà. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín látòkè délẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ ọ́: irú òtútù báyìí, ta ló máa lò ó? Kí la fẹ́ fi ṣe?

ọmọ_aláró

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ kú àgbà.

Ẹ̀rọ MRI tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ara èèyàn nílé ìwòsàn, wáyà superconductor ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, niobium àti titanium ni wọ́n fi ṣe é, inú hílíọ́ọ̀mù olómi ló sì ń gbé, ní nǹkan bí 4 K. Irú wáyà yẹn kò lè fara da mágínẹ́ẹ̀tì tó bá le jù. Àwọn onírin tiwa yìí lè fara da èyí tó le gan-an kí wọ́n tó jọ̀wọ́ ara wọn, iná sì ń gbà nínú wọn láti ìhà gbogbo láìsí ìyàtọ̀ púpọ̀, èyí tí kì í rọrùn fún àwọn oníbàbà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Ṣáínà fi tẹra mọ́ ọn. Ní 2016, wọ́n ṣe wáyà onírin tó gùn tó 100 mítà ní Beijing, strontium ni wọ́n fi dípò báríọ́ọ̀mù, wọ́n sì fi pòtásíọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i. Wáyà náà, ẹ̀yin ẹ máa mọyì rẹ̀ jù wá lọ, sà: lúúlúù ni wọ́n ń kó sínú ọ̀pá fàdákà, wọ́n á wá fà á, wọ́n á tún fà á, títí á fi tín-ín-rín.

Mi ò ní tàn yín, òtútù rẹ̀ ṣì pọ̀. Èyí tó ga jù nínú ìdílé yìí, yàtọ̀ sí ìpele FeSe (irin pẹ̀lú selenium) ẹyọ kan tí wọ́n tẹ́ sórí ohun mìíràn, ni nǹkan bí 55 K tí wọ́n rí ní Beijing ní 2008 nígbà tí wọ́n lo samarium. Náítrójìn olómi, tó rọrùn láti rà, kò lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, 77 K ni tirẹ̀.

Àmọ́ ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀, Bàbá. Hideo Hosono àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Tokyo kò wá superconductor lọ. Ohun èlò ẹ̀rọ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ni wọ́n ń ṣe. Ní 2006 wọ́n rí i pé LaFePO (lanthanum, irin, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti ọ́síjìn) di superconductor ní nǹkan bí 4 K, kò sí ẹni tó fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2008, wọ́n fi ásẹ́níìkì dípò fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, wọ́n fi fúlóríìnì rọ́pò díẹ̀ nínú ọ́síjìn, ó fò dé 26 K. Títí di ọjọ́ yẹn, ìgbàgbọ́ wa ni pé irin ni ohun tó yẹ kéèyàn sá fún jù lọ. Inú bébà ni wọ́n fi fúlóríìnì yẹn sí, wọn ò fọwọ́ kan aṣọ. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn láàbù káàkiri ayé ti ń pààrọ̀ gbogbo ohun tó ṣeé pààrọ̀ nínú aṣọ àti bébà yìí, ibẹ̀ sì ni kóbáàtì ti jáde, ní láàbù Oak Ridge ní Amẹ́ríkà, ní ọdún yẹn kan náà.

Bàbá_Ògbómọ̀ṣọ́

Fàdákà! Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Ìyá rẹ tó ó bí.

ọmọ_físíìsì

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbọ́. Mo ti sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kó má wá ásẹ́níìkì kankan mọ́.

Fáìlì yín ti dé ọwọ́ mi. Mo ti pa ìṣirò tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀, mo ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn: átọ́ọ̀mù 40, kóbáàtì kan, ipò ásẹ́níìkì látinú láàbù. Mo fi ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ han súpáfáísọ̀ mi, ó kà á, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní kí n ṣe ti mánganíìsì náà mọ́ ọn kí òun fojú ara òun rí i. Inverter ẹlẹ́gbẹ́ mi ni mo so láptọ́ọ̀pù mọ́ láti àná, ó ti dé ìgbésẹ̀ kejìlá báyìí, kò tíì kú. Nínú tábìlì mi, mo ti la òpó méjì fún kóbáàtì: ọ̀kan fún iye tí wọ́n wọ̀n sínú ìkòkò, ọ̀kan fún iye tí kírísítà mu.